Wákàtí Méjì

Mo fi téèpù ìwọnṣọ wọn ayé lára ògiri,
àwòrán ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà báǹkì.
Láti Báńkọ́kì dé Kùálà Lúńpọ̀,
ìnṣì kan, kò tilẹ̀ pé.
Ìṣẹ́tí ṣòkòtò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lásùnkànmí tó ń gba fóònù ṣájì lórígun Òkè Pópó
tẹ tirẹ̀ wò fún mi:
ẹgbẹ̀rún kìlómítà àti igba, ó dín díẹ̀,
wákàtí méjì nínú bàálù.
"Màmá, kí wọ́n tó pín oúnjẹ tán, ilẹ̀ ti dé."
Mo ní kó tún un wò.
Ó tún un wò. Wákàtí méjì náà ni.

Mo mọ wákàtí méjì.
Búbá kan ni, tí iná ìjọba ò bá lọ.
Wákàtí méjì péré ni mo fi rọbí Mùtíù.
Bílíkísù ló gba ọ̀sán kan àti òru kan,
ó ti ń bá mi jiyàn láti inú.

Ọdún mẹ́fà rèé tí wọn ò fojú kanra.
Ilé bàbá wọn ló dá a sílẹ̀:
ọ̀kan ní ká tà á fún àwọn tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
ọ̀kan ní òógùn Bàábá wà nínú sìmẹ́ńtì rẹ̀.
Ilé náà ṣì wà.
Ó ń jò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Mùtíù á pè láti Báńkọ́kì:
"Màmá, ṣé ara Bílí le?"
Màá gbé e, màá pe Kùálà Lúńpọ̀.
"Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ṣé ara ẹ le."
"Ẹ sọ fún un pé ó le."
Màá tún gbé e padà.
Ọ̀rọ̀ tí ì bá fò létí òkun kan ṣoṣo
ló ń fò lórí Íńdíà, lórí aṣálẹ̀ àwọn Lárúbáwá,
ó ń bà sórí ahọ́n mi, ó ń mumi,
ó tún ń gbéra.
Ta ló ní Ìkẹjà nìkan ni bàálù ń bà sí l'Ékòó?
Ẹnu mi rèé, kì í tì lóru.
Kò sì sẹ́ni tó ń san owó ìbalẹ̀.

Nínú àpótí bàbá wọn,
agbádá ẹtù kan wà tí kòkòrò ò rí.
Mo tú u. Mo là á láàárín ẹ̀yìn.
Mo rán ṣẹ́ẹ̀tì fọ́kùnrin: èjìká ogún, apá mẹ́rìnlélógún.
Mo rán kaba fóbìnrin: ìwọ̀n ọdún mẹ́fà sẹ́yìn,
mo fi ojú ìyá kún un níbàdí.
Mo gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń fẹrù ránṣẹ́ ní Màrínà.
Akọ̀wé ní kí n ka àdírẹ́sì.
Mo ka Báńkọ́kì sórí kaba.
Mo ka Kùálà Lúńpọ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì.
Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mi ò tíì ká ẹní ìkírun,
ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn,
fóònù dún, ó tún dún.
"Màmá, kaba lẹ fi ránṣẹ́ sí mi."
"Màmá, ṣẹ́ẹ̀tì ta nìyí? Òórùn Bàábá wà lára ẹ̀."
Mo ní háà, ojú àgbà ti ń ṣe bàìbàì,
èmi tí mo fòwú bọ abẹ́rẹ́ nídìí àbẹ́là lánàá.
"Ṣé kí n dá a padà s'Ékòó ni?"
Rárá o. Owó ẹrù ti wọ́n. Èkó jìnnà.
Bàálù ń gbéra láàárọ̀, ó ń gbéra nírọ̀lẹ́,
Lásùnkànmí ti bá mi wò ó.
Mo gé fóònù
kí n má baà gbọ́ èsì tí màá tún rù.